Ọ̀nà Àbùjá Tí Ọmọ Oníbúrẹ́dì Mọ̀

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe torí pé ó ń ránṣọ nìkan. Ọmọbìnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ga ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Tí oníbàárà bá sanra sí i kó tó wá gba aṣọ, Abẹ́rẹ́ kì í bò ó mọ́lẹ̀. "Aṣọ ò kéré o, ẹ̀yin lẹ̀ ń jẹun dáadáa." Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó tọ́ ọ dàgbà tó sì ni ṣọ́ọ̀bù, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ tábìlì.

Ṣọ́ọ̀bù náà ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, dígí gígùn kan tó ti sán nísàlẹ̀, àti bẹ́ǹṣì tí àwọn tí aṣọ wọn ò tíì yá máa ń jókòó bínú sí. Ilé búrẹ́dì ló wà ní òdìkejì títì. Láràárọ̀ ni ọmọ oníbúrẹ́dì, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ìyẹ̀fun kì í tán létí rẹ̀, máa ń gbé búrẹ́dì gbígbóná wá fún wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Tó bá ti fìdí kalẹ̀, ìròyìn dé: bó ṣe sùn nínú igbó, bó ṣe lé ẹkùn, bó ṣe fọwọ́ lásán mú ejò.

"Ejò wo?" Abẹ́rẹ́ á bi í láìgbójú sókè.

"Ejò ńlá."

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Ta ló ń dúró béèrè orúkọ lọ́wọ́ ejò?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò ní rẹ́rìn-ín rárá, àmọ́ ibi tó ń rán á ti wọ́.

Nígbà òjò kan, ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn igbó, aṣọ ìyàwó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ náà funfun báláú, ó gùn dé ilẹ̀, ìrù rẹ̀ sì tún wọ́ lọ rẹrẹ. Abẹ́rẹ́ nìkan ló rán an látòkè délẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi lé e lọ́wọ́ pátápátá nìyẹn. Ọkọ̀ tó fẹ́ gbé e lọ wá bàjẹ́. Ni ọmọ oníbúrẹ́dì bá gun alùpùpù bàbá rẹ̀ dé.

"Màmá, èmi náà ń gbé búrẹ́dì lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé e. Mo mọ ọ̀nà àbùjá kan."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lóòótọ́?"

"Mo lè dijú rìn ín, mà."

Abẹ́rẹ́ gbé aṣọ rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn alùpùpù, wọ́n gbéra. Ó sì jọ pé ọmọkùnrin náà dijú rìn ín lóòótọ́. Ọ̀nà di ipa ẹsẹ̀, ipa ẹsẹ̀ di koríko, koríko sì ga kọjá orí wọn. Alùpùpù wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó dákẹ́.

"Ibo la wà?"

"A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

Ọmọ oníbúrẹ́dì họrí. "Mi ò mọ̀."

Wọ́n fi alùpùpù sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbé aṣọ tí wọ́n fi ọ̀rá wé lérí, ọmọkùnrin náà gbé àpò búrẹ́dì, wọ́n ń rìn lọ. Wọ́n ò tíì rìn jìnnà tí igbó fi mì lójijì. Ìmàdò ńlá kan ló yọ, abiyamọ ni, àwọn ọmọ rẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó wò wọ́n, wọ́n wò ó. Ló bá sáré sí wọn.

Ẹni tó ń lé ẹkùn ló kọ́kọ́ dórí igi. Àmọ́ nígbà tó rí i pé ẹrù ò jẹ́ kí Abẹ́rẹ́ lè gùn ún, ó tún bẹ́ sílẹ̀. Ó gbé e tẹrù-tẹrù sórí ẹ̀ka, òun náà fò mọ́ igi. Bí eyín ẹranko náà ṣe fa ṣòkòtò rẹ̀ ya nìyẹn. Ó ju búrẹ́dì sílẹ̀, ìmàdò àtàwọn ọmọ rẹ̀ sì jókòó ti oúnjẹ ìgbéyàwó.

"Ejò tó o fọwọ́ mú ńkọ́?" Abẹ́rẹ́ béèrè nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ balẹ̀.

"Irọ́ ni."

"Ẹkùn?"

"Ológbò ni. Ológbò alábàágbé wa. Ó tiẹ̀ ha mí lọ́wọ́."

Ẹ̀rín tí Abẹ́rẹ́ ti ń há mọ́nú tú jáde, díẹ̀ ló kù kó já bọ́. Ọmọkùnrin náà di apá rẹ̀ mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi ń parọ́ tó báyìí?"

"Tí mi ò bá parọ́, kí ni mo fẹ́ bá ẹ sọ? Ìyẹ̀fun?"

Nígbà tí ìmàdò yó tó sì lọ, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń tẹ̀lé ìró omi. Ni wọ́n bá dé etí odò. Èéfín abúlé ń rú lódìkejì, ṣùgbọ́n òjò ti mú kí odò kún àkúnya. Igi kan ti wó lulẹ̀ dábùú omi. Ọmọ oníbúrẹ́dì ní òun á kọ́kọ́ dán an wò. Ó dé àárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, omi gbé e. Kò mọ̀wẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ò mọ̀wẹ̀. Ọlọ́run ló ní kó rí àpáta kan dì mọ́, omi sì ń bò ó lójú.

Abẹ́rẹ́ wò yíká, kò rí okùn. Ó wo ẹrù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún un lórí aṣọ yẹn. Ó fa ọ̀rá ya, ó lọ́ aṣọ pọ̀, ó so apá kan mọ́ igi, ó ju ìrù rẹ̀ sínú omi. Kò débẹ̀. Ó fà á padà, ó tún jù ú, ọmọkùnrin náà gbá a mú.

Bó ṣe ń fà á ló ń gbọ́ tí òwú ń já.

"Ẹ dákun," ó ń bẹ ojú rírán níkọ̀ọ̀kan, "mo rán yín dáadáa. Ẹ má dójú tì mí."

Wọn ò dójú tì í. Nígbà tí ọmọ oníbúrẹ́dì dé etí odò, ó pọ omi, ó ní: "Aṣọ ńkọ́?"

Abẹ́rẹ́ gbá a létí. Lẹ́yìn náà ló dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún.

Àwọn apẹja gbọ́ igbe wọn, wọ́n fọkọ̀ gbé wọn sọdá. Ní ilé ìyàwó, gbogbo èèyàn pé lé aṣọ náà lórí: ẹrẹ̀ lókè, yíya nísàlẹ̀. Ìyàwó wo aṣọ, ó wo ọmọkùnrin tó ń gbọ̀n.

"Ṣé òun lo fi fà á jáde?"

"Òun ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ó lágbára nìyẹn. Ẹ wá àlùmọ́gàjí fún un."

Abẹ́rẹ́ fọ aṣọ, ó gé ibi tó ya kúrò, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ sí orúnkún. Ìyá ìyàwó kẹ̀yìn sí i. Ọkọ ìyàwó ní tiẹ̀ rò pé bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ó ní ó dára gan-an.

Nígbà tí wọ́n délé, ẹ̀gbọ́n ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọmọ oníbúrẹ́dì má ṣe tẹ ṣọ́ọ̀bù òun mọ́ títí inú òun á fi rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ pa ẹ̀rọ rẹ̀ tì, ó sọdá títì. Bàbá oníbúrẹ́dì wà lẹ́nu ààrò.

"Èwo lo fẹ́ rà?"

"Mi ò ra nǹkan kan, sà. Ọmọ yín ni mo wá kí."

Bàbá náà wò ó títí. Ó nu ọwọ́, ó fa àga kan wá fún un, ó sì kọjú padà sí ààrò rẹ̀.