Íǹkì Bàbá Láàbù àti Ìwé Ilé Ìyá Mi

Òórùn náílọ́ọ̀nù gbígbóná ò tíì kúrò nímú mi láti ọjọ́ tí mo gbé ìwé ilé ìyá mi lọ sí Ẹnuwá pé kí wọ́n bá mi fi lámínéètì bò ó. Bí mo bá ń kọjá níwájú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ títí di ìsinsìnyí, mo máa ń sọdá sí òdìkejì títì.

Nígbà yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ni, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé kò sí ẹni tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára tó tèmi ní gbogbo Ilé-Ifẹ̀. Bí mo bá ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo kọ, mo lè fa odindi ìwé ya. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí bàbá tó ń tọ́jú yàrá sáyẹ́ǹsì níléèwé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Láàbù, fún mi ní bírò tó fúnra rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń po íǹkì sínú ìgò oògùn ikọ́ tó ti ṣófo, nítorí àwọn ọmọ tí òbí wọn ò lówó ìwé, kí wọ́n lè máa kọ, kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n tún kọ sójú kan náà. Bí èèyàn bá fi rọ́bà ìdí bírò náà ra ọ̀rọ̀ tó kọ, kíá ló ń parẹ́, ìwé ò sì ní ya. Yàtọ̀ sí àwa tá a jọ wà níléèwé, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ṣe nǹkan kan.

“Tíṣà,” ó ní, “má fi kọ nǹkan tó máa pẹ́ o. Ooru ò bá a mu rárá.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bàbá náà kàn ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Lọ́dún yẹn náà ni àìsàn dá ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, dùbúlẹ̀ ní Ìlàrè. Bàbá mi ti kú. Yàrá mẹ́ta tí òun àti ìyá mi jọ kọ́ sẹ́yìn agbo ilé ni ìyá mi ń gbé, àbúrò bàbá mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn wọn ibẹ̀ láìsọ nǹkan kan fẹ́nikẹ́ni. Olórí ẹbí pe gbogbo wa jọ, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá mi ló ni yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nílé wa, ìwé tí wọ́n bá ti fagi lé ọ̀rọ̀ kan lórí ẹ̀, ìwé ìjà ni. Mo bá yọ bírò Bàbá Láàbù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣi í kọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á rẹ́, ìwé náà sì mọ́ tónítóní. Mo kà á sókè, àwọn àgbà tẹ àtàǹpàkò sí i. Àbúrò bàbá mi náà tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò wojú ìyá mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí olórí ẹbí papò dà.

Ìyá mi ní kí n tètè lọ fi lámínéètì bo ìwé náà kí òjò tàbí eku má bà á jẹ́. Ìwé náà wọ inú ẹ̀rọ tó gbóná janjan, ó sì jáde lódìkejì. Àtàǹpàkò mẹ́fà ló wà lórí ẹ̀, ọ̀rọ̀ kankan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin tó ń lo ẹ̀rọ yí i síwá sẹ́yìn, ó rọra gbé e lé orí tábìlì, ó sì sún kúrò nídìí ẹ̀.

Mo sáré tọ Bàbá Láàbù lọ. Kò bá mi wí. Ó ní òtútù lè dá ọ̀rọ̀ náà padà, ó sì bá mi lọ sípàdé tí ẹbí pè lórí ọ̀rọ̀ yàrá náà, pẹ̀lú kúlà tó kún fún yìnyín. Ó tẹ́ ìwé náà sórí yìnyín lójú gbogbo wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń yọ jáde. Ìyá mi bú sẹ́kún ayọ̀. Ojú Bàbá Láàbù ń dán, torí kò tíì sí àwùjọ kan tó wo iṣẹ́ rẹ̀ báyẹn rí, ó sì ń ṣàlàyé láìdánu dúró, bí ooru ṣe ń lé e lọ, bí èèyàn ṣe lè pa á rẹ́ kó tún kọ òmíràn.

Àbúrò bàbá mi fetí sí i dáadáa. Ó wá béèrè wẹ́rẹ́ pé: “Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣé ìyẹn ni pé lẹ́yìn tá a ti tẹ ìka sí i tán, ẹni tó kọ ọ́ ṣì lè pa á rẹ́, kó kọ ohun tó wù ú síbẹ̀?”

Bàbá Láàbù ò mọ irọ́ pa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo rán wọn létí pé ìṣojú wọn ni mo ti kà á. Wọ́n gbé ìwé náà kúrò lórí yìnyín, wọ́n dá a padà fún mi. Ìwé ò wúlò mọ́, ẹni tí ì bá sì jẹ́rìí fún wa ti wà nínú sàréè.

Àbúrò bàbá mi gba yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yàrá kan ni ìyá mi ń gbé báyìí ní Ìpetumodù. Bàbá Láàbù da gbogbo ìgò rẹ̀ nù lọ́sẹ̀ yẹn. Lónìí, irú bírò bẹ́ẹ̀ ń ti òkè òkun wá, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fi yangàn, mi ò sì lè ṣàlàyé fún wọn ìdí tí mi ò fi fẹ́ rí i. Mo bínú sí àbúrò bàbá mi, ṣùgbọ́n ara mi ni mo bínú sí jù. Ìyá mi ò dá mi lẹ́bi rí. Àmọ́ bí mo bá kọ àsìkò tí yóò máa lo oògùn rẹ̀ sínú ìwé fún un, yóò gbé e lọ sínú oòrùn níta, yóò sì jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́, kó tó gbé e wọlé.