Ìyá Tó Ń Yan Gàrí Tí Kò Kọ́lé

Mo rántí ìgbà tí mo sọ ìyá mi di olówó lórí ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, Lálúpọn là ń gbé, ìyá mi sì ń yan gàrí tà. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní Yorùbá ní kí oníkálukú kọ ìtàn kan lórí iṣẹ́ àṣekára, pé èyí tó bá dára jù làwọn máa mú lọ síbi ìdíje àwọn ilé ìwé ní Ìbàdàn. Èmi tó dá lójú pé kò sí ẹni tó mọ ìtàn kọ tó mi ní gbogbo Lágelú, ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi kọ tèmi tán. Obìnrin kan ṣiṣẹ́ kára, ó yan gàrí, ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó lọ sí Mẹ́kà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ mi. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ni mo lo ojú ìwé méjì lé lórí, títí dórí àwọ̀ kọ́tìnnì.

Olùkọ́ wa yìn mí títí orí mi fi wú. Mo gbé ìwé náà lọ bá ìyá mi nídìí agbada, níbi tí èéfín ti ń ta wọ́n lójú, tí wọ́n ń fi àfọ́kù igbá ro gàrí, mo sì kà á sí wọn létí. Àdúrà ni mò ń retí. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ta ló bó ẹ̀gẹ́ yẹn?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní obìnrin inú ìtàn náà ni.

"Mi ò gbọ́ ibi tó ti bó o. Mi ò gbọ́ ọjọ́ tó fi wà lábẹ́ òkúta kí omi ara rẹ̀ tó gbẹ. Ilé ni mo ṣáà ń gbọ́." Wọ́n bu gàrí díẹ̀, wọ́n fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti gbẹ, wọ́n wá ní, "Èmi tí mi ò wá kọ́lé yìí ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ tèmi ni ò tó?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, ojú sì tì mí. Agbada yẹn ló ń san owó ilé ìwé mi, èmi náà ni mo wá jókòó tí mò ń fi ìtàn bú ẹni tó ni ín.

Ní ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe kírun àsùbá tán ni mo bá wọn jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́. Ọ̀bẹ gé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí oòrùn tó yọ. Lẹ́yìn náà ni mo tún ìtàn náà kọ. Bíbó ẹ̀gẹ́ nìkan gba ojú ìwé kan gbáko. Kò sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lópin rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, obìnrin náà tún mú ọ̀bẹ.

Ènìyàn rere ni olùkọ́ wa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka èyí tí mo tún kọ, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ìtàn tí kò bá fi èrè sẹ́yìn iṣẹ́, ìwà ọ̀lẹ ló ń kọ́ ọmọ. Wọ́n ní kí n ṣáà yí ìparí rẹ̀ padà, àwọn á mú mi lọ sí Ìbàdàn. Ìdíje náà wù mí kú. Mo ti yá bàtà sílẹ̀ dè é.

"Ẹ má bínú sà," ni mo wí. "Bí mo bá fi dandan kọ́lé fún un, gbogbo obìnrin tí kò kọ́lé ní Lálúpọn ni mo pè ní ọ̀lẹ."

Ìtàn ẹlòmíràn ló lọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì ló wà nínú tirẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo dá bàtà padà fún ẹni tó ni ín.

Ìwé ni mò ń kọ jẹun báyìí. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣì ń bẹ̀ mí pé kí òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ là díẹ̀, pé ẹ̀gẹ́ bíbó ti pọ̀ jù. Mi ò gbà, mi ò sì ní gbà. Ìyá mi ti fi agbada sílẹ̀, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọn ò sì kọ́lé náà. Mo ka èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn fún wọn lóṣù tó kọjá. Wọ́n gbọ́ bíbó, wọ́n gbọ́ lílọ̀, wọ́n gbọ́ òkúta orí àpò, wọ́n wá mi orí.

"Ó kù díẹ̀," ni wọ́n wí. "O ò tíì fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí o tó gbé e sí agbada."

Mo padà sídìí tábìlì, mo fi ojú ìwé mẹ́ta kún un.