Ẹ̀rọ Ìkàwé Tí Kò Ní Iná Nínú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tó dé bá wa nílé wa ní Ìkòsì. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ọwọ́ mi ni kò gbé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọkọ mi, Daddy Kúnlé, ẹ mọ̀ pé ìwé ni oúnjẹ wọn. Nígbà tí dókítà sọ pé àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ti mú ojú wọn kan lọ, ó sì ti ń mú èkejì díẹ̀díẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: ṣé àwọn ṣì lè máa kàwé? Dókítà ní kí wọ́n máa kà á nígbà tí wọ́n ṣì lè rí i.

Kúnlé, àkọ́bí wa tó wà ní Kánádà, fi ẹ̀rọ ìkàwé kan ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní e-reader. Ó dà bíi síléètì kékeré, ìwé kún inú rẹ̀, èèyàn sì lè sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá. Inú Daddy dùn! Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé bíi fóònù ni o. Kò ní iná nínú. Bí ibi tí ẹ jókòó sí bá ṣókùnkùn, òun náà á ṣókùnkùn.

Ilé wa ńkọ́? Ògiri aládùúgbò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé wa. Pálọ̀ máa ń ṣú lọ́sàn-án gangan, iná ìjọba ò sì ṣe é gbára lé. Daddy wá ń gbé àga káàkiri ìta, wọ́n ń tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀. Ìyá Ráfíà, aládùúgbò wa tó ń ta ata lọ́jà Mile 12, máa ń fi wọ́n ṣeré: "Daddy, gbogbo ayé ń sá fún oòrùn, ẹ̀yin ń lé e kiri." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tí oòrùn bá wọ̀, ó parí nìyẹn. Bí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, omi ló ń dà lójú wọn.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kúnlé pè wá lórí fídíò, ó ní òun rí irú mìíràn tó ní iná nínú, tó tún lè ka ìwé síni létí. Ṣé kí òun rà á? Mo fi ìgbọ̀nwọ́ ta Daddy. Wọn ò wò mí.

"Rárá o, ọmọ mi. Èyí tó o rà dára. Kò kù síbì kan."

Nígbà tí a pa fóònù, mo béèrè ìdí. Wọ́n ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù, ẹnu wo làwọn á fi sọ fún un pé ẹ̀bùn rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa: bí wọ́n bá fún ọ, dúpẹ́. Èmi náà sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nígbà tí mo ń ṣe tíṣà.

Kí ni Kúnlé ṣe? Nígbà tí ọjọ́ ìbí mi pé, ó fi òmíràn ránṣẹ́ sí èmi náà. Irú kan náà gẹ́lẹ́! Ó ní bí Daddy ṣe ń yìn ín, kí Mummy má bàa jowú.

Ojú kejì náà ti lọ báyìí. Mo sọ òótọ́ fún Kúnlé nígbẹ̀yìn. Ó ra èyí tó ń kàwé jáde, ó sì fi í ránṣẹ́. Àmọ́ ẹ̀rọ náà kò gbọ́ Yorùbá. Ó ń pe ọ̀rọ̀ wa bí ẹni tí yanrìn wà lẹ́nu rẹ̀. Daddy ní kí n pa á.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n gbé àga àwọn síta. Wọ́n gbé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn lé itan. Ó dorí kodò. Mi ò tún un ṣe. Ìyá Ráfíà kọjá, ó kí wọn, kò ṣeré kankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé fàájì ni kí ẹ̀rọ ìkàwé ní iná nínú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá jókòó ní pálọ̀ wa. Ẹ̀yin òbí, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì sọ ibi tó kù sí. Ọpẹ́ kò ní ká má sọ òótọ́. Àǹfààní tiwa ti bọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀bùn wo lẹ ti fi ìyìn bo àléébù rẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ẹ sì fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ yín dáadáa. Èmi ni n ó kà á sí Daddy létí, níwọ̀n ìgbà tí ojú tèmi bá ṣì ń ríran.