Bọ́tìnnì Tó Tẹ̀lé Orúkọ Àǹtí Ṣadé

Kò tíì pẹ́ rárá. Ìgbà tí gbogbo ayé ti gba fóònù onígíláàsì tán, tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ sì ti ń fi í san owó iná, tí ẹ ń fi í ra búrẹ́dì, tí ẹ tún ń fi í gbọ́ ìwàásù, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ní Fẹ́sítáàkì. Ẹ máa ń bi mí nípa ìyanṣẹ́lódì ayé àtijọ́, nígbà tí mo wà nídìí tẹlifóònù ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí a máa ń ti géètì pa, tí àwọn ọ̀gá á máa yọjú wò wá láti ojú fèrèsé. Ìyẹn dùn ún sọ, nítorí pé a mọ ẹni tí a ń bá jà. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kò dùn ún sọ.

Afọ́jú ni mí. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní "ẹni tó ní ìpèníjà ojú" kò ṣẹ̀ mí, ṣùgbọ́n kó tètè pè é tán kí a lè bá ọ̀rọ̀ lọ. Láti ẹnu Kílóòsì wa, òpópónà kékeré tí à ń gbé, títí dé ẹ̀bá kánààlì, àwa afọ́jú tó bíi mẹ́wàá, púpọ̀ nínú wa sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. A ní ẹgbẹ́ kékeré kan tí à ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa láti Sátẹ́láìtì àti Abúlé Adó náà sì máa ń wá.

Gọ́tà ni ọ̀tá wa. Síláàbù tí wọ́n fi bò ó látijọ́ ti fọ́, wọ́n sì ti wú òmíràn lọ tẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pá funfun mi á kan síláàbù, á tún kan síláàbù, lẹ́yìn náà kò ní kan nǹkan kan mọ́. Ibẹ̀ ni Àǹtí Ṣadé jìn sí lọ́jọ́ kan tí òjò ti kún un. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun náà kò ríran. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó sì pẹ́ nílé kó tó tún lè rìn. Wọ́n ní ẹni tó bá jìn sí kòtò ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n tí àwa kọ́ ni pé kí kálukú jókòó sílé. Bọ̀dá Sámúẹ́lì, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò lọ sí ìdánrawò orin mọ́, nítorí gọ́tà.

Bí ẹsẹ̀ Àǹtí Ṣadé ṣe san, ó ní òun máa du ipò akọ̀wé iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò. Akọ̀wé iṣẹ́ ló ń sọ ohun tí àdúgbò máa kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá a du ú, Gàníyù, ọmọ onílẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tó ń bá wọn ta ilé. Gàníyù ní iná ojú títì ló kàn, Àǹtí Ṣadé ní kí wọ́n bo gọ́tà. Kò sí èébú, kò sí tọ́ọ̀gì. Bí ẹ bá ń retí tọ́ọ̀gì nínú ìtàn yìí, ẹ má retí mọ́.

Orí bí àwa ṣe máa dìbò ni ìjà wà. Ní gbogbo ìgbà tí à ń lo bébà, ẹni tó bá fà wá lọ́wọ́ dé gbọ̀ngàn ló ń bá wa tẹ̀ka. Bàbá kan nínú wa ti ń dìbò fún ẹnì kan láti ọjọ́ pípẹ́ kó tó mọ̀ pé ìyàwó ọmọ òun kò gba ti ẹni náà rí. Nígbà tí ìdìbò yìí ń bọ̀, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. A kó ọ̀pá funfun wa, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa sọ̀ kalẹ̀ ní Mazamaza wá bá wa, gbogbo wa sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìpàdé. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, àfi kó gba orí wa kọjá.

Alága jáde wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí ló dé? Ṣé ẹ ò fọkàn tán àwọn ọmọ yín ni?"

"Mo fọkàn tán wọn láti mú mi dé ibí. Ìka tèmi ni mo fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń sunkún ṣì máa ń ríran? Ẹ jẹ́ á fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí."

"Alága, tàwa kọ́ lòwe yẹn o."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. A bẹ̀rẹ̀ sí í lu ọ̀pá mọ́lẹ̀, a ń ké pé, "Àṣírí la fẹ́! Àṣírí la fẹ́!" Ká tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ti gbà. Wọ́n ní orí fóònù ni gbogbo àdúgbò máa ti dìbò, nínú áàpù kan, kálukú nílé rẹ̀, pé ẹni tí kò bá ní fóònù á wá lo tábílẹ́ẹ̀tì ní gbọ̀ngàn. Inú mi dùn ju ti ọjọ́ tí ìjọba fi owó kún owó oṣù wa lọ. Bọ̀dá Sámúẹ́lì kọrin dé ilé.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, ohùn kan wà nínú fóònù tó ń ka ojú rẹ̀ fún wa. Bí mo bá fi ìka wọ́ ojú gíláàsì náà, ohùn á bọ́ sórí nǹkan tó kàn, á sì pe orúkọ rẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, mo ti mú un nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ṣe áàpù kò bá fún nǹkan náà lórúkọ, "bọ́tìnnì" lásán ni ohùn náà á máa pè é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, Àǹtí Ṣadé ti wo inú áàpù náà ṣáájú gbogbo wa. Ó pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ máa gbọ́ orúkọ mi. Ẹ wọ́ ìka síwájú lẹ́ẹ̀kan péré. Bọ́tìnnì tó bá tẹ̀lé orúkọ mi ni kẹ́ ẹ tẹ̀." Kò sẹ́ni tó jiyàn. Bí àwa náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Òfin wa nínú ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ dárúkọ ara rẹ̀ kó tó na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Orúkọ á ṣáájú, ọwọ́ á tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ríran ni ẹ máa ń di èèyàn lọ́wọ́ mú láìròtẹ́lẹ̀, tí ẹ á wá máa bi í pé, "Ẹ mọ̀ mí?" N kò mọ̀ ọ́, jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀.

Mo jókòó sórí àga mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ìka. Òyìnbó ni ohùn náà, kò sì mọ orúkọ wa pè. "Bọ́tìnnì," ó wí. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn ẹrù aláìlórúkọ tí wọ́n máa ń kó sókè áàpù ni, mo kọjá. "Fóláséèdì." Mo rẹ́rìn-ín, orúkọ Àǹtí Ṣadé ló bà jẹ́ báyẹn. "Bọ́tìnnì." Mo wọ́ ọ díẹ̀ sí i kó dá mi lójú. "Gàníúù." "Bọ́tìnnì." Ó gún régé: orúkọ, bọ́tìnnì, orúkọ, bọ́tìnnì. Mo padà sórí èyí tó tẹ̀lé Fóláséèdì, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo dìbò.

"Ìyá Tóyìn!" Mo pariwo pe ìyàwó mi. "Mo ti dìbò o! Èmi nìkan, láìsí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi!"

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó. "Bàbá Tóyìn, ṣé ẹ bá Àǹtí Ṣadé jà ni?"

"Ìjà kẹ̀?"

"Gàníyù lẹ dìbò fún."

"Orúkọ Ṣadé ni mo gbọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́!"

"Àmì róbótó tó wà níwájú orúkọ Gàníyù ló dúdú yìí. Ti Àǹtí Ṣadé ṣì ṣófo."

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Àwọn tó ríran ló ṣe áàpù náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣáájú orúkọ. Àmì kọ̀ọ̀kan wà níwájú ẹni tó ni ín. Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ tí gbogbo wa fò ni ti Àǹtí Ṣadé. Èyí tó tẹ̀lé orúkọ rẹ̀, Gàníyù ló ni ín; èyí tó gbẹ̀yìn kàn wà fún pípa áàpù dé ni. Mo gbìyànjú láti tún un dì, ohùn náà ní mo ti dìbò. Mo pe Bọ̀dá Sámúẹ́lì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti dì í tipẹ́! Ó dùn débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n tún un dì!" Gbogbo wa ti tètè dì í nítorí ayọ̀. Àǹtí Ṣadé ni mo pè gbẹ̀yìn, nítorí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dì í," ó wí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò dìbò fún ara mi nìyẹn?"

A lọ sí gbọ̀ngàn. Wọ́n ṣì ń dìbò lọ́wọ́. Àǹtí Ṣadé gba tábílẹ́ẹ̀tì wọn, ó ní kí wọ́n tan ohùn rẹ̀ sókè, ó sì wọ́ ìka kọjá níṣojú alága. Bọ́tìnnì, Fóláséèdì, bọ́tìnnì, Gàníúù, bọ́tìnnì.

"Ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú orúkọ yín ni tiyín, Àǹtí," ni alága wí. "Ó hàn kedere."

"Ó hàn sí ta ni, sà?"

Alága mí kanlẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó yọ ìbò àwa tí kò ríran kúrò, kó jẹ́ ká tún un dì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí n tó yọ ọ́, àfi kí n mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Áàpù yìí kò fi hàn wá. Ẹ̀yin lẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí, tẹ́ ẹ ní àṣírí lẹ fẹ́."

Mo ti bá ọ̀gá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ rí, mo ti bá mínísítà jiyàn rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ọ̀rọ̀ ẹnu èmi fúnra mi ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Mo gbé ọ̀pá mi, mo jáde.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Gàníyù ló wọlé. Iye tó fi ju Àǹtí Ṣadé lọ kò tó iye àwa afọ́jú.

Nígbà èwe mi, bí wọ́n bá jí àpótí ìbò gbé, a máa ń rí ibi tí olè sá gbà, àwọn tó ríran nínú wa á sì lé e. Èyí kò ní olè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe áàpù náà gbé ìpè mi lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ má wọ̀rí, sà, a máa wò ó." Lẹ́yìn ọjọ́ gbọọrọ, àtúnṣe dé lóòótọ́. Bọ́tìnnì náà ti lórúkọ báyìí. Àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ "yàn án." Yan ta ni? Kò sọ. Ohun tí a jèrè nìyẹn. Mo tún pè é, kò gbé e mọ́.

Ohun tí a pàdánù kì í ṣe ipò nìkan. Àǹtí Ṣadé ní òun kò du nǹkan kan mọ́. Nígbà tí ìdìbò mìíràn dé, púpọ̀ nínú wa tún fa fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó bá wa tẹ̀ ẹ́. Èmi náà fún Ìyá Tóyìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ áàpù, ẹ jẹ wá ní gbèsè: kí ẹ di ojú yín, kí ẹ sì lo ohun tí ẹ ṣe kí ẹ tó gbé e jáde. Mi ò mọ ibi tí mo ti máa gbé ọ̀pá jókòó dè yín kí ẹ tó san án.

Lẹ́yìn tí Gàníyù ti ri iná mọ́ ojú títì tán, ó wá kí wa ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹnì kan ti sọ fún un pé ìbò àwa afọ́jú ló gbé e wọlé. Kò mọ nǹkan kan nípa bọ́tìnnì, a kò sì ní ẹnu tí a fẹ́ fi sọ ọ́ fún un nínú ayọ̀ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, a gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, iná tí ẹ ò ní fojú rí lẹ dìbò fún, nítorí ọmọlàkejì yín. Irú ọkàn báyìí ṣọ̀wọ́n. Ọlọ́run ò ní gbàgbé yín."

Àǹtí Ṣadé ló kọ́kọ́ ṣe àmín, àwọn yòókù sì gbè é. Èmi ò lè ṣe é.

Mi ò tíì ṣe é títí di òní.