Ọdún tí Mánéjà Wa Lọ sí Kọ́ọ̀sì

Òórùn ẹyìn tí wọ́n ń sè ló kọ́kọ́ máa ń pàdé ènìyàn lójú ọ̀nà tó ti Ore lọ sí Odigbo nígbà náà, kí o tó rí páànù ilé-iṣẹ́ wa láàárín àwọn igi ọ̀pẹ rárá. Òórùn tó wúwo ni, ó dùn díẹ̀, ó sì korò díẹ̀. Ó máa ń wọnú aṣọ débi pé tí mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni tó jókòó tì mí á ti mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá lọ déédéé, òórùn yẹn máa ń fi ọkàn ẹni balẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mo débẹ̀, òórùn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, òórùn ẹyìn tó ti pẹ́ nílẹ̀ jù tó ti ń kan. Gbogbo wa là ń gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ jáde.

Ìwọ náà á rántí ìgbà yẹn. Àwọn ológun ló wà lórí oyè, rédíò sì ń sọ fún wa lójoojúmọ́ pé kí a fara da ìyà díẹ̀ sí i. Ọṣẹ ìfọṣọ di ohun tí à ń gé wẹ́wẹ́. Táyà ọkọ̀ di ohun tí à ń wá kiri bí oògùn. Ní oríta Ore, a máa ń rí àwọn tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpótí àti ẹní wọn, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò gbé wọn dé oko bàbá wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ kì í fi ṣeré. Èmi ni olórí àwọn obìnrin tó ń já ẹyìn kúrò lára ìdì rẹ̀. Opó kan ló ni ilé-iṣẹ́ náà, ọmọ Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibi ìfúnpo ìbílẹ̀ kan lẹ́bàá oko kòkó wọn. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ. Màmá ni gbogbo wa ń pè é.

Mánéjà wa ti ṣe fítà rí, iṣẹ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ fún ọ, láìtíì wọlé, apá ibi tó ń dun ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí Màmá fi sọ ọ́ di mánéjà nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló mọ̀, kò mọ ènìyàn. Ohùn rẹ̀ máa ń dé ìsàlẹ̀ odò. Ẹni tó bá sì mú ìròyìn ìbàjẹ́ wá bá a, ìbàjẹ́ náà ti di tirẹ̀ nìyẹn: yóò jẹ èébú, wọ́n sì lè ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi kọ́gbọ́n. Bí bẹ́líìtì ẹ̀rọ bá ń já, a ó dì í. Bí ẹyìn bá pẹ́ nílẹ̀, a ó da tuntun lé e lórí. Àwọn àgbẹ̀ á gbé ẹyìn wá láti Araromi-Obu, wọ́n á sì sùn sábẹ́ ọkọ̀ wọn nítorí pé ẹ̀rọ ti dúró. Epo tí à ń fún wá di epo tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ nìkan lè rà.

Páìpù kan lára bọ́ílà, àgbá ńlá tó ń fi ooru omi se ẹyìn, ló kọ́kọ́ tú àṣírí wa. Ó ti ń jò láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ bọ́ílà, ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́yàwó, ti fi àkísà àti wáyà dì í, torí ẹ̀rù ń bà á láti sọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a gbọ́ ìró bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ ńlá ya, ooru funfun sì bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí a rí i, awọ apá rẹ̀ òsì ti bó láti ìgúnpá dé ọwọ́. Àwa obìnrin ń da omi lé e lórí. Mánéjà sáré dé, ó wo páìpù, lẹ́yìn náà ó wo ọkùnrin náà nílẹ̀.

Ó ní, “Ta ló so àkísà mọ́ ọn?”

Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ, torí ojú rẹ̀ yí padà, ó sì jáde lọ.

Màmá wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ ọ̀gá sójà, tó wá fún ìsinmi. Ọmọ náà ní kí wọ́n lé mánéjà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Màmá ní bí òun bá lé e, ẹlòmíràn tó dà bíi tirẹ̀ lòun máa gbà. “Kò sẹ́ni tó kọ́ ọkùnrin yẹn bí wọ́n ṣe ń darí ènìyàn. Jẹ́ kó lọ kọ́ ọ.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rán an lọ sí kọ́ọ̀sì àwọn mánéjà ní Ìbàdàn. Ìkùnsínú pọ̀ láàárín wa. Ní àkókò tí ìyẹ̀fun búrẹ́dì pàápàá ń ṣòro rí, kí wọ́n rán àgbà ọkùnrin lọ jókòó ní kíláàsì? Ọmọ Màmá kò fi bò rárá. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ń wọ mọ́tò: “Ọ̀gá tó ní láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀gá kì í ṣe ọ̀gá.”

Nígbà tí mánéjà dé láti Ìbàdàn, ó ti rù díẹ̀. A ń retí òfin tuntun, ṣùgbọ́n ó kó gbogbo wa jọ sábẹ́ àtíbàbà tí àwọn àgbẹ̀ ti máa ń sinmi, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú wa. Ó bi wá pé, “Kí ni ẹ mọ̀ pé ó ń bàjẹ́ níbí tí ẹ kò sọ fún mi?” Ọkùnrin tó ń ṣọ́ bọ́ílà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, apá rẹ̀ ti jinná, ó sì ń dán bí awọ ẹja. Òun ló sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ọ̀gá, bí a bá sọ ọ́, ta ni yóò jìyà rẹ̀?”

Mánéjà dìde. Ó bọ́ fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé yẹn lórí ilẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú. Àwọn obìnrin mi bojú. Ó ní, “Èmi ni mo fi ẹ̀rù dí yín lẹ́nu. Ẹni tó bá sọ ìbàjẹ́ fún mi láti òní lọ, n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo yín.”

Má rò pé a gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìbẹ̀rù kì í fi ara sílẹ̀ bí aṣọ tí a bọ́. Lẹ́yìn bí oṣù kan ni mo dán an wò. Mo sọ fún un pé kì í ṣe pé àwọn obìnrin mi ń ṣe ọ̀lẹ láàárọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ, pé ọkọ̀ tó ń kó ẹyìn wá ni kì í dé àfi tí oòrùn bá ti mú. Kò bínú. Ó wá jókòó tì wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló yan ọjọ́ fún abúlé kọ̀ọ̀kan: Araromi-Obu ní ọjọ́ tiwọn, Ago Alaye ní tiwọn, kí ẹyìn ẹnikẹ́ni má baà pẹ́ nílẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, a ó pàdé lábẹ́ àtíbàbà náà, oníkálukú á sọ ohun tó rí. Nígbà míì ọ̀rọ̀ náà kì í ju pé òrùlé ń jò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láìdúró, epo pupa tó mọ́ kedere ń jáde, àwọn oníṣòwò Èkó tó ń kọjá lọ sí Benin bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dọ̀ wa. A gba ènìyàn síṣẹ́ ní ìgbà tí àwọn mìíràn ń lé ènìyàn. Kí òjò ọdún kejì tó parí, Màmá ti ra ẹ̀rọ ìfúnpo kejì.

Ohun tí kì í kúrò lọ́kàn mi ni pé kò fi ẹ̀kọ́ náà pamọ́. Bí iṣẹ́ bá tán, ó máa ń pe àwa olórí ẹ̀ka jọ, á sì kọ́ wa ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ: bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn wí láìdójú tì í, bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́. Ó sọ fún Màmá pé bí òun nìkan bá mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tóun bá lọ, ó lọ nìyẹn. Màmá sì gbà pé kí èmi àti ọkùnrin bọ́ílà jẹ́ ẹni tí yóò lọ sí Ìbàdàn tẹ̀ lé e. Mo ti ra àpótí kékeré kan lọ́jà Ore. Ọkọ mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè mí ní mánéjà nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí a tó lọ, àrùn rọpárọsẹ̀ mú Màmá. Ọmọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun nígbà náà, òun ló wá jókòó sípò. N kò ní purọ́ mọ́ ọn: kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀lẹ, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ìpàdé ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní òun ò fẹ́ rí i mọ́. “Ẹnìkan ló ń pàṣẹ, àwọn tó kù ń ṣe é.” Ó fagi lé ìrìn àjò wa sí Ìbàdàn. Ó ní ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́.

Ìgbà tí ẹyìn pọ̀ jù lọ́dún ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Ọkọ̀ àwọn àgbẹ̀ tò dé ojú títì. Ọkùnrin bọ́ílà wá sọ fún mánéjà pé fáàfù tó ń tú ooru sílẹ̀ ti ń há, kò ṣí bó ṣe yẹ mọ́. Mánéjà lọ wò ó, ó sì ní kí wọ́n paná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ̀rọ ti dákẹ́, ọmọ Màmá jáde wá.

“Ta ló ní kí wọ́n paná?”

“Èmi ni, sà.”

“Ẹ dá iná náà padà.”

“Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Ènìyàn ló ń jókòó nídìí rẹ̀.”

Ohùn mánéjà kò ròkè rárá, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ Màmá ní kó kó ẹrù rẹ̀. Ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di ọwọ́ mi mú díẹ̀, ó sì gun ẹ̀yìn ọ̀kadà kan lọ sí ọ̀nà Ore. Lẹ́yìn náà ni ọmọ Màmá to gbogbo wa síta, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ta ló lọ sọ fún un?”

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n, a kò lanu. Kí ẹnikẹ́ni tó mira, mo rí apá kan tó gòkè, apá tó ń dán bí awọ ẹja yẹn. “Èmi ni, sà.” Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun náà lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó rẹ̀ sì wà nínú oyún.

Bóyá o ń retí kí n sọ fún ọ pé bọ́ílà náà bẹ́. Kò bẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọmọ Màmá ti fi fáàfù tuntun sí i, láìsọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹnu wa ló kú. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá ṣe mánéjà, ẹni tí kò kọ́ nǹkan kan nípa dídarí ènìyàn rí, àwa náà sì padà sí bí a ti wà. Bẹ́líìtì ń já, a ń dì í. Ọjọ́ tí wọ́n yàn fún àwọn abúlé dàrú, ẹyìn ń jókòó, epo ń kan. Àwọn àgbẹ̀ padà sí ìfúnpo ìbílẹ̀ nínú oko wọn. Àwọn oníṣòwò Èkó kò yà mọ́. Ẹ̀rọ kejì ni wọ́n kọ́kọ́ tà, lẹ́yìn náà wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo lọ kí Màmá ní Odigbo lẹ́yìn tí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì yéni. Ó bi mí léèrè gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń dá a lóhùn. Ó wá ní, “Ọmọ ẹlòmíràn ni mo rán lọ kẹ́kọ̀ọ́. N kò rán tèmi.” Mo bá a tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, mo sì kúnlẹ̀ kí i pé ó dàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò fi mí sílẹ̀ láti ìgbà náà. A máa ń sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ń dàgbà nítorí owó tàbí nítorí ẹ̀rọ. Mo ti rí i tó dàgbà nítorí pé wọ́n kọ́ ọkùnrin kan láti gbọ́ ọ̀rọ̀, mo sì rí i tó kú nítorí pé ẹni tó lè lé ọkùnrin náà lọ kò kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ilé-iṣẹ́ gàrí kékeré ní Ago Alaye báyìí. Nígbà tí mo ní agbára láti rán ẹnìkan lọ sí kọ́ọ̀sì, àwọn ènìyàn rò pé alábòójútó mi ni n ó rán. Ọmọbìnrin mi, ẹni tí yóò gba ibẹ̀ lọ́wọ́ mi, ni mo kọ́kọ́ rán.

Nígbà tó dé, ó kúnlẹ̀, ó kí mi tán, kò sì dìde. Ó ní, “Mà, ẹ má bínú. Ẹ máa ń dá àwọn òṣìṣẹ́ lóhùn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.”

Ó dùn mí dé egungun. Mo ní kó jókòó, kó sọ èyí tó kù.