Ínṣì Kan fún Etí

Ní ọdún tí mo ṣe kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ módà, ní apá ibi tí Òṣòdì ti ń kángun sí Ìsọlọ̀, orúkọ ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ilé-ẹ̀kọ́ wa lè fi ránṣẹ́ fún ìdánwò àtiwọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni. Àwa méjì ni orúkọ náà lè tọ́ sí: èmi, àti ọ̀rẹ́ tí mo ń bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà láti ọjọ́ tí a ti wọlé. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ wa ní iṣẹ́ náà, sọ pé òun yóò fi yan ẹni tí yóò lọ. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń fi ìrẹ̀lẹ̀ èké ba òtítọ́ jẹ́. Mo mọ ìṣirò.

Alágbẹ̀dẹ páànù ni bàbá mi. Lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìsọlọ̀, ó máa ń tú agolo àti garawa àlòkù, yóò fi òòlù onígi lù wọ́n títí wọn yóò fi tẹ́jú, yóò sì fi wọ́n ṣe korobá, àtùpà, àti àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n kí ó tó ki sísọ́ọ̀sì bọ páànù, ó ti mọ ibi tí yóò gé e dé. Ìṣojú mi ni ó ti ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa bí a ti ń wọn gbogbo ojú ara ohun tí ó ní òòró, ìbú àti gíga, ẹ̀rù kò bà mí. Àpótí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni: ojú mẹ́fà ni, a ó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì rò wọ́n pọ̀. Ìgbà tí ó dé orí ohun róbótó bí agolo ni ó rú kíláàsì lójú. Báwo ni a ó ti wọn ohun tí kò ní igun? Ó kọ òfin rẹ̀ sí ojú pátákó, àwọn yòókù sì há a sórí bí ẹni há katikísìmù. Ọ̀rẹ́ mi kò tilẹ̀ rí i há. Ó sunkún.

Mo mú un lọ sí àtíbàbà bàbá mi ní ọjọ́ Sátidé. Mo mú agolo mílíìkì kan tí a ti gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò, mo gé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì tẹ́ ẹ sílẹ̀.

“Kí ni o rí?”

“Mo rí agolo tí ẹnìkan ti lá mílíìkì inú rẹ̀ tán láìpè mí.”

“Má ṣe yẹ̀yẹ́. Onígun mẹ́rin ni. Gíga agolo ni ìbú rẹ̀. Gígùn rẹ̀ ńkọ́?”

Ó ká páànù náà padà, ó tún tú u, ó tún ká a. Lẹ́yìn náà ni ó pariwo. “Àyíká ẹnu rẹ̀ ni! Háà, ìwọ ọmọ alágbẹ̀dẹ yìí! Ibí ni o ti ń kó ìṣirò, tí o wá ń ṣe bí ẹni tí a bí i mọ́!”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí òjé yíyọ́ tí ó fi ń lẹ páànù fi ń kán sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ má gbàgbé etí o. Ẹni tí ó bá gé e géérégé tí kò fi etí sí i, atẹ́gùn ni yóò fi rán an.”

“Etí wo ni, Bàbá?” ọ̀rẹ́ mi béèrè.

Ó fi hàn án: ínṣì kan tí a máa ń fi kún gígùn páànù, kí a lè ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan kọ́ èkejì. Ìdí agolo kò nílò etí tirẹ̀, òjé lásán ni ó ń mú un dúró. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ mi ti ń wá ní gbogbo Sátidé, tí bàbá mi sì ń pè é ní ọmọ òun.

Ọjọ́ ìdánwò ìṣirò tí ọ̀gá wa yóò fi yan ẹni pé. Ọ̀gá wa béèrè pé: alágbẹ̀dẹ páànù kan fẹ́ ṣe agolo tí kò ní ọmọrí, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì méje, gíga rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́wàá, báwo ni páànù tí yóò lò yóò ti pọ̀ tó? Àyíká ẹnu irú agolo bẹ́ẹ̀ jẹ́ ínṣì méjìlélógún. Bí ó bá jẹ́ agolo lásán ni ó wí, bẹ́ẹ̀ ni ǹ bá kọ. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ni ó dárúkọ, ọmọ alágbẹ̀dẹ sì ni mí. Mo kọ mẹ́tàlélógún.

Ní ọjọ́ kejì, ó pe àwa méjèèjì sí ọ́fíìsì. Ó tẹ́ ìwé wa sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

“Ní gbogbo kíláàsì, ẹ̀yin méjì nìkan ni ẹ kọ mẹ́tàlélógún síbi tí méjìlélógún yẹ kí ó wà. Ta ni ó wo ti ẹnìkejì?”

“Kò sí ẹni tí ó wo ìwé ẹnìkan, sà,” mo dáhùn. “Etí ni.”

“Etí kí ni?”

Kí n tó la ẹnu, ọ̀rẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàlàyé etí, ó ṣàlàyé bí a ti ń ṣẹ́ ẹ, ó ṣàlàyé pé ìdí agolo kò nílò rẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì tí èmi kò lè rí sọ. Inú mi dùn. Mo rò pé ó ń gba ẹnu àwa méjèèjì sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó parí, ó wo ilẹ̀.

“Mo gbìyànjú láti fi ọwọ́ bo ìwé mi, sà, ṣùgbọ́n ó ń na ọrùn.”

“Èmi?” mo ní. “Èmi tí mo mú ọ lọ—”

“Dákẹ́!” ni ọ̀gá wa wí. “Kí bàbá ẹ̀yin méjèèjì wá rí mi lọ́la.”

Mo rò ó fún bàbá mi ní ẹyọ-ẹyọ. Mo ní ohun méjì péré ni kí ó bá mi sọ: pé òun ni ó kọ́ wa ní etí, àti pé èmi ni mo mú ọmọ yẹn wá sọ́dọ̀ òun. Ó ní òun gbọ́.

Nígbà tí a pé sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ kejì, bàbá ọ̀rẹ́ mi, tí ó jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ rélùwéè, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dúró ṣánṣán. “Ọmọ mi kì í wo ìwé ẹnikẹ́ni, sà.” Ó sì jókòó.

Ó kan bàbá mi. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì níwájú ọkùnrin tí òun tó bí lọ́mọ.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ fi orí jì í. Ọmọdé ni. Ẹ bá mi bá a wí, kí ẹ má lé e.”

Kò sí ẹni tí ó ti dárúkọ lílé. Mo ní, “Bàbá, ẹ sọ fún wọn!” Ó fi ọwọ́ fún mi ní àmì pé kí n kúnlẹ̀.

“Ẹ dìde, Bàbá,” ni ọ̀gá wa wí. “Ó tán. A kò ní lé e.” Ó fa fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì náà jáde, ó sì kọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi sí i níṣojú wa. Yíǹkì náà kò tíì gbẹ tí a fi jáde.

A gba ẹ̀gbẹ́ rélùwéè padà sílé.

“Ẹ kò sọ ohun tí mo ní kí ẹ sọ.”

“A kì í bá olùkọ́ jiyàn lórí ọmọ tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀,” ni ó dáhùn. “Bí ó bá dá ọ láre lónìí, tí inú bá ń bí i, kí ni yóò fi ojú rẹ rí lọ́la? Ẹ̀bẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ bẹ̀.”

“Èmi kò ṣẹ̀, Bàbá.”

“Ta ni ó ní o ṣẹ̀?”

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì yé mi: ó fẹ́ ohun tí mo fẹ́, ẹnu rẹ̀ sì yá. Ti bàbá mi ni kò rọgbọ. Ìfẹ́ ni ó fi dá mi lẹ́bi, kò sì mọ̀ títí ó fi kú.

Nígbà tí a dé ilé, ó ti ń ròyìn fún àwọn ará ilé pé wọ́n fẹ́ lé mi, ṣùgbọ́n òun bá mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà. Wọ́n ń kí i kú oríire. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ilé wò mí, ó ní, “Kí ni o dúró bí òpó sí? O kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ?”

Mo kúnlẹ̀, mo sì dúpẹ́.