Sàlímọ́nù àti Oṣù Abẹ́ Ìràwọ̀ Pupa

Bí ènìyàn bá kí Sàlímọ́nù pé ẹ kú àárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo oòrùn kó tó dáhùn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, níbi tó ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ojú rẹ̀ mú, ìdí nìyẹn tí mọ́ṣáláṣí àdúgbò fi máa ń ní kó wo oṣù. Àfi lọ́dún kan tó búra pé òun rí oṣù, tí àdúgbò túnu ààwẹ̀, tó wá hàn pé èéfín ọkọ̀ òfuurufú ló rí. Gbogbo ilé ló san ààwẹ̀ ọjọ́ kan padà. Láti ìgbà náà, kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, pàápàá ojú ara rẹ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, oṣù karùn-ún òyìnbó ni ààwẹ̀ pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Sàlímọ́nù ti fi dàbínù ṣínu, ó ti kírun, ó dúró létí omi. Ni Baseerah ọmọ rẹ̀, tíṣà sáyẹ́ǹsì ní Ìgbògbò, bá pè é lórí fóònù.

"Bàbá mi, ẹ wá ìràwọ̀ pupa kan níwọ̀-oòrùn. Ad-Dabarani ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Oṣù á wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ó wà nínú fóònù mi. Ìràwọ̀ yẹn ti darúgbó, ló ṣe wú, tó sì pọ́n. Ó fi ìlọ́po mẹ́rìnlélógójì fẹ̀ ju oòrùn lọ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí ẹ máa rí lónìí ti gbéra láti nǹkan bí ọdún márùndínláàádọ́rin."

"Ta ló gbé okùn lọ síbẹ̀ wọ̀n ọ́n? Fóònù tí kì í gbààwẹ̀ ló fẹ́ sọ ìgbà tí mo máa túnu?"

Sàlímọ́nù pa fóònù.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ìràwọ̀ náà yọ lóòótọ́, ó pọ́n bí ẹyin iná. Nísàlẹ̀ rẹ̀, nǹkan tínínrín kan tẹ̀ bí èékánná tí a gé. Sàlímọ́nù nu ojú, ó tún wò ó. Ṣé ojú òun ló rí i, àbí ọ̀rọ̀ Baseerah ló yà á síbẹ̀? Bó bá tún jẹ́rìí èké, kí ni yóò wí fún Ọlọ́run?

Ó kẹ̀yìn sí ọ̀run, ó pe Yasir, ládàánì mọ́ṣáláṣí, tó wà nítòsí.

"Wo òkè. Sọ ohun tí o rí."

"Apá ibo, Bàbá?"

"Ṣé èmi ni mo ni ojú rẹ?"

Yasir wò títí. "Ìràwọ̀ kan nìyẹn, ó pọ́n… Áà! Oṣù rèé lábẹ́ rẹ̀!"

"Ta ló pè ọ́ lórí fóònù?"

"Ẹ gbà mí o! Fóònù mi ti kú láti ọ̀sán."

"Mú un wá." Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Kò tàn.

Níwájú Ìmáàmù, Sàlímọ́nù kò fi nǹkan kan pamọ́: ọmọ òun ló júwe ibi tí òun wò. "Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti Yasir."

Yasir sọ tirẹ̀. Ìmáàmù yíjú. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ohun tí Yasir rí ni mo rí, mo fi Ọlọ́run jẹ́rìí. Mi ò tíì gba ojú mi gbọ́, ṣùgbọ́n mo gba tiẹ̀. Kò gbọ́n tó láti pa irú irọ́ yìí."

Ìmáàmù rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.